Iyọ̀ Oko La Porfía

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó mọ ènìyàn gàn ní gbogbo etíkun ìlà-oòrùn Kúbà, orí Eleuterio Galano ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì parí rẹ̀ sí. Ó gan àwọn ará Sípéènì tó ń jọba lé wọn lórí, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó gan àlùfáà Baracoa nítorí pé ó ń sanra lásìkò ìyàn. Ó gan àwọn ọ̀dọ́ ológun tuntun tó ń fi epo pa irunmú. Bí ìjì bá wó igi àgbọn rẹ̀ kan, yóò dúró tì í, yóò wo ojú ọ̀run tìkà-tẹ̀gbin, yóò ní, "Ìwọ náà, afẹ́fẹ́ lásán!"

Kì í ṣe pé kò ní ohun tó fi ń yangàn. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ja ogun àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni ojú òsì rẹ̀ bá a lọ. Teyo ni wọ́n ń pè é lójú ogun, Sájẹ́ǹtì sì ni oyè rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ a máa kì í pé: Teyo, olójú kan tí ń rí ẹ̀yìn ọ̀tá, aládàá ṣàn-ín tí ń ká orí bí ẹni ká àgbọn.

Nígbà tí ogun náà pé ọdún mẹ́wàá, ebi àti àárẹ̀ mú àwọn aṣáájú, wọ́n lọ sí Zanjón, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà pẹ̀lú Sípéènì láìgba òmìnira. Teyo àti ọkùnrin mọ́kànlélógún kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n to àdá wọn sílẹ̀, wọ́n ń fò wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń búra pé, "Ẹni tó bá tọwọ́ bọ ìwé yẹn, bó kí mi, n kò ní jẹ́ ẹ. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, n kò ní bá a kẹ́dùn." Ọ̀kan nínú àwọn tó tọwọ́ bọ ìwé ni Prudencio Rizo, ẹni tí òun àti Teyo ti jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan fún ọdún méje. Láti ìgbà náà, nígbàkúùgbà tí Prudencio bá pàdé rẹ̀ ní Baracoa, yóò ṣí fìlà, yóò kí i. Teyo yóò sì kọjá bí ẹni pé ajá ló gbó. Ọdún kejìdínlógún nìyí.

Ilẹ̀ tí kò wu ẹnikẹ́ni ni Teyo gbà lẹ́yìn ogun: yanrìn, òkúta etíkun tó mú bí eyín ajá, àti ẹ̀fọn. Ó gbin àgbọn sí i, ìjì kó o lọ. Ó tún un gbìn, ìjì tún kó o. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, ó sọ oko náà ní La Porfía, ìyẹn ni Agídí. Nígbà tí ogun tuntun sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1895, ó di àdá mọ́dìí, ó gun òkè lọ bá ọ̀gágun. Ọ̀gágun wo ojú kan ṣoṣo tó kù, ó wo orúnkún rẹ̀ tí kò ṣe é tẹ̀ mọ́, ó ní kó padà sí etíkun kó lọ máa se iyọ̀.

"Iyọ̀!" ni Teyo wí fún Casilda ọmọ rẹ̀ obìnrin nígbà tó délé. "Èmi Teyo! Wọ́n ní kí n wá máa se omi òkun!"

Ṣùgbọ́n ó sè é. Ẹran tí wọ́n bá pa lórí òkè tí kò níyọ̀, ìdin ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí ènìyàn tó jẹ. Àwọn ará Sípéènì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá ń rin etíkun, wọ́n ń fọ́ agbada ìseyọ̀ níbi gbogbo. Nígbà tí ọdún 1896 fi dé ìdajì, agbada irin mẹ́ta tó wà ní La Porfía nìkan ló kù láti ẹnu odò Guayo dé Baracoa. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ̀ tó ohun tí màlúù lè dùbúlẹ̀ sí. Bí wọ́n bá fọ́ wọn, àwọn ọmọ ogun orí òkè kò níbi tí wọ́n tún ti lè ríyọ̀.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ Àìkú kan ni Casilda ti Baracoa dé, níbi tó ti lọ ta òróró àgbọn. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ìbaaka tán tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Bàbá, wọ́n ń bọ̀ o. Igba sójà. Ọ̀la ni wọ́n máa débí, agbada wa sì ni wọ́n ń wá bọ̀."

"Ta ló ń mú wọn mọ̀nà?"

Casilda wolẹ̀. "Prudencio ni."

Teyo tutọ́ sílẹ̀. "Ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí Prudencio bá mú mọ̀nà, bó bá débi tó ń lọ, àṣìṣe ni."

Ẹnu lásán ni. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé gbogbo ọgbọ́n tí òun ní lójú ogun ni Prudencio mọ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló jọ kọ́ ọ.

Ọjọ́ náà bọ́ sí i pé àlejò wà lóko. Kápúténì Arístides Fonseca, ọmọ Havana, tí kò tíì lo ọdún kan nínú ogun, ti kó ọkùnrin méjìlélógún wá láti ru àpò iyọ̀ mọ́kànlá lọ sórí òkè. Aṣọ funfun ló wọ̀, aṣọ náà sì mọ́ ju bó ti yẹ kí aṣọ ológun mọ́ lọ. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi fúrúǹtù létí òkun láti gbìmọ̀.

"Ibi tí wọ́n ti máa la odò kọjá la ó ti pàdé wọn," ni Kápúténì wí. "Bí wọ́n bá ti wọ inú omi, ìbọn ló kàn. Ọkùnrin mẹ́tàlélógún tó mọ ohun tó ń jà fún tó igba ẹrú ọba í ṣe."

"O ti ja ìjà mélòó?" ni Teyo bi í.

"Mẹ́ta, Bàbá."

"Èwo lẹ ṣẹ́gun níbẹ̀?"

Àwọn ọmọ ogun tẹrí mọ́lẹ̀ kí ọ̀gá wọn má bàa rí ẹ̀rín wọn.

"Bàbá Teyo, ṣé ẹ̀ ń bú mi ni?"

"N ò tíì bẹ̀rẹ̀. Adìẹ funfun ò mọ ara ẹ̀ lágbà. Ṣó o fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ sínú ìwé ìròyìn ni, àbó o fẹ́ kí ọbẹ̀ níyọ̀ lórí òkè? Mú ọ̀kan."

Casilda dá sí i. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ri àwọn agbada sínú ọ̀sà, bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe láyé ogun àkọ́kọ́."

"Èmi àti ta la jọ rì wọ́n nígbà yẹn?" Ó dá ara rẹ̀ lóhùn. "Prudencio ló mòòkùn lọ sísàlẹ̀ omi tó so okùn mọ́ wọn. Ọ̀sà yẹn ló máa kọ́kọ́ kó àwọn sójà lọ." Ó yíjú wo àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń fi imú túlẹ̀ lọ́nà ilé. "Ohun tí mo gbé pa mọ́ lọ̀tá mi máa wá. N ò wá ní gbé nǹkan kan pa mọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í parọ. Ẹ gbé agbada fáwọn ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n máa fi jẹun."

Kápúténì rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò bá a rín in. Teyo yọ àdá, ó nà án sí i, ó ní kó búra pé òun kò ní yìnbọn títí àwọn sójà yóò fi kúrò ní ilẹ̀ La Porfía. Fonseca fi ètè kan irin náà bí ẹni tí wọ́n ní kó mu àgbo. "Bí mo bá yìnbọn kí wọ́n tó lọ, kí irin pa mí," ló wí, ó sì nu ẹnu.

Wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí ẹni tí ilé ń jó. Wọ́n fi yanrìn àti èèpo àgbọn ha inú agbada mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí iyọ̀ fi kúrò níbẹ̀, wọ́n fi màlúù wọ́ wọn lọ sínú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n da èèpo gbágùúdá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà sí wọn. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ bo ojú ààrò, wọ́n ri ìtàkùn ọ̀dùnkún sórí rẹ̀. Wọ́n wá dáná èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí eérú tó wà nílẹ̀ lè ní ìdí. Àpò iyọ̀ wọ inú igbó pẹ̀lú Kápúténì àti àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Teyo ń fún ẹlẹ́dẹ̀ lóúnjẹ nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ìhà odò. Kò ju àkókò tí ènìyàn lè fi jẹ ọ̀dùnkún kan tán lọ. Ìbọn Kápúténì kọ́kọ́ dún, ti àwọn ará Sípéènì dá a lóhùn ní ìlọ́po mẹ́wàá, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Méjì nínú àwọn tó wá gbé iyọ̀ kú sínú omi náà. Àwọn yòókù sá gba inú igbó lọ, Kápúténì ló sì ṣíwájú wọn.

"Ẹnu tó fi kan irin!" ni Teyo wí. "Ó ti bá wa mú inú bí wọn kí wọ́n tó dé."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Òkú kan àti ẹni kan tó fara gbọta ni àwọn sójà náà gbé wọ oko. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gágun Lacalle, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n tú ilé, wọ́n tú u. Ó ní kí wọ́n gé àgbọn, wọ́n gé ogójì lulẹ̀, àwọn tí ìjì kò rí wó. Teyo dúró gbagidi, ó ń wò wọ́n bí ẹni wo ọmọdé tó ń ṣeré nínú ẹrẹ̀. Prudencio Rizo kò tilẹ̀ dúró wo ilé. Ó kó sójà mẹ́wàá, ọ̀nà ọ̀sà ló gbà tààrà, wọ́n bọ́ sínú ẹrẹ̀ dé ìbàdí, wọ́n ń fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ omi. Ẹ̀fọn bò wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì tí wọ́n fi wà níbẹ̀, Teyo sì gbádùn ìran náà débi tó fi gbàgbé àgbọn rẹ̀.

Casilda ló kọ́kọ́ rí i. Ó rọra fi ìgbọ̀nwọ́ gún baba rẹ̀. Abo ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan ti fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú agbada, ó ki ọrùn bọ abẹ́ etí agbada náà níta, ó ń lá a, ó ń lá a. Òmíràn lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá tirẹ̀. Inú agbada nìkan ni wọ́n ha. Omi iyọ̀ tó ti ń hó dànù láti oṣù mẹ́jọ ti gan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ipele-ipele, kò sì sẹ́ni tó ronú kàn án. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ se iyọ̀ kì í rí iyọ̀ mọ́.

Àsìkò náà gan-an ni Prudencio ń ti ọ̀sà bọ̀, ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, ó ti gbó ju Teyo lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé Teyo fi ọdún mẹ́fà jù ú. Ó dúró létí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé etí agbada. Ó wo abo ẹlẹ́dẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́, ó wo ẹsẹ̀ Teyo tí kò ní bàtà, ó wo ẹ̀wù rẹ̀ tó ti lẹ̀ káàkiri, ó wá rọra mi orí.

Ó ti mọ̀, ni Teyo wí nínú ara rẹ̀. Àgbákò!

"Rizo!" ni Lacalle pariwo láti orí ẹṣin. "Ṣó o mọ baba yìí? Ṣé òun ni wọ́n ní ó ń se iyọ̀ fáwọn ọlọ̀tẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá. A jọ jagun ni." Prudencio ṣí fìlà, ó kọjú sí Teyo. "Ẹ káàsán o, Sájẹ́ǹtì."

Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló ń dún nínú oko.

"Ṣé odi ni?" ni Lacalle bi í.

"Kì í ṣodi, ọ̀gá. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń kí i. Ẹ jẹ́ kó dá mi lóhùn ná, kí n tó sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín."

Ohun tó ń tà nìyẹn, ni Teyo rò. Ó rí agbada, ìkíni ló fẹ́ gbà kó tó pa ẹnu mọ́. Bó bá jẹ́ ọrùn òun nìkan ni, ìbá rẹ́rìn-ín sí i lójú, ìbá ní kí wọ́n yìnbọn fún òun. Ọkùnrin mọ́kànlélógún ló bá a fo àdá lọ́jọ́ náà. Mọ́kàndínlógún ti kú, ó sì dà bíi pé gbogbo wọn ló dúró yí i ká tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Casilda wà níbẹ̀, ọwọ́ sójà kan sì ti wà léjìká rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn wà lórí òkè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Teyo gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde.

"Káàsán o, Prudencio."

Prudencio sún mọ́ ọn. "Ṣé àlàáfíà lẹ wà, Sájẹ́ǹtì?"

"Àlàáfíà ni." Kò lè dúró níbẹ̀. Ìkíni tí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó ń lọ. "Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó ti kú. Ó di ọdún mẹ́ta nínú oṣù tó kọjá."

Apá kejì ìbúra náà ló kù, Prudencio sì dúró, fìlà lọ́wọ́, ó ń retí rẹ̀.

"Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere," ni Teyo wí.

"Àmín o. Ẹ ṣé o, Sájẹ́ǹtì." Prudencio dé fìlà rẹ̀, ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá, kò síyọ̀ kankan níbí. Ẹlẹ́dẹ̀ ni baba yìí ń sìn. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí oòrùn tó pa ẹni tó fara gbọta yìí."

Wọ́n kó ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì lọ. Teyo rìn lọ sí etí òkun, ó bu omi iyọ̀ sẹ́nu, ó fi fọ ẹnu, ó tu ú dànù. Ìgbà mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Kápúténì Fonseca jáde látinú igbó. Aṣọ funfun ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀, kò sì sí fìlà lórí rẹ̀.

"Àwọn ènìyàn mi gbọ́ ọ látinú igbó," ló wí. "Ẹ kí ọ̀dàlẹ̀. Ẹ bá a kẹ́dùn ìyàwó. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gágun wa lórí òkè."

"Sọ fún un. Má gbàgbé láti sọ ibi tí fìlà ẹ wà. Kó o sì sọ orúkọ àwọn méjì tó wà nínú odò fún un, bó o bá mọ̀ ọ́n."

Kápúténì kò mọ orúkọ ọ̀kan. Ó gbé iyọ̀ rẹ̀, ó ń lọ.

Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni Teyo fi tu ara rẹ̀ nínú. Wọ́n ti gbé agbada padà sórí ààrò, iná ń jó, ó sì ń fi igi ro omi iyọ̀, ó ń bá Casilda sọ̀rọ̀ láìsinmi. "Ṣó o rí irú ènìyàn tó jẹ́? Ó dalẹ̀ àwa láyé ọjọ́un, ó tún wá dalẹ̀ àwọn ọ̀gá ẹ̀ tuntun. Ó rí agbada kòrókòró, ó ní kò síyọ̀! Ọ̀dàlẹ̀ ìlọ́po méjì! Ó tà, mo rà, ọ̀rọ̀ parí. Olè lásán ni." Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀ tán, oúnjẹ a wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Tomasa, obìnrin ẹlẹ́ja kan láti Baracoa, gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ oko. Ó sọ àpò kékeré kan kalẹ̀ síwájú Teyo, ó tú u. Iyọ̀ ni, iyọ̀ ìgboro, ó funfun, ó kúná.

"Prudencio Rizo ló ní kí n gbé e fún yín, Bàbá. Ó ní ọjọ́ tóun wá síbí lòun rí bí nǹkan ṣe rí. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó ti le tó báyìí fún yín, pé bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ yín, àti pé àìríyọ̀ ti mú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yín débi tí wọ́n ń lá irin. Ó ní ó ṣòun láàánú, òun ò lè sọ̀rọ̀. Ó ní kẹ́ ẹ má bínú, ibi tágbára òun mọ nìyí."

Casilda bú sẹ́rìn-ín. Ó wo ojú baba rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kò mọ̀," ni Teyo wí. "Kò mọ nǹkan kan."

Tomasa kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ń bá tirẹ̀ lọ. "Ó tún ní látọjọ́ tẹ́ ẹ ti dá òun lóhùn lòun ti ń rí oorun sùn."

Teyo jókòó sórí kùkùté àgbọn kan nínú ogójì náà. Ojú tì í, irú ìtìjú tí kò mọ̀ rí láti ìgbà tó ti dáyé. Gbogbo ayé ló ti gàn, kò sì sẹ́ni tó káàánú rẹ̀ rí, àfi Prudencio Rizo. Ọkùnrin náà kò ta ohunkóhun. Ó kàn kí ènìyàn ni.

"Bàbá, ṣé kí n dà á sókun?" ni Casilda bi í jẹ́jẹ́.

"Sókun kẹ̀? Kí lòkun fẹ́ fi iyọ̀ ṣe? Dà á mọ́ tiwa kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè."

Tomasa ti gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. "Kí ni kí n wí fún un, Bàbá?"

"Wí fún un pé ọ̀dẹ̀ ni. Wí fún un pé òmùgọ̀ tó ga jù ní Kúbà ni, àti pé n ò rírú ẹ̀ rí láàárín sójà, bẹ́ẹ̀ ni n ò rírú ẹ̀ láàárín ẹlẹ́dẹ̀."

Tomasa mi orí, ó na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́gba, ó ń lọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìparí oko nígbà tí Teyo dìde lójijì, tó ń fi ẹsẹ̀ tí kò ṣe é tẹ̀ sáré tẹ̀ lé e, tó ń pariwo.

"Tomasa! Tomasa o! Kọ́kọ́ sọ fún un pé mo kí i!"